Tábìlì Ọdún Àjíǹde: Ọ̀ṣọ́ Láti Ẹ̀yìnkùlé

Lókè òkun, ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ni ọdún Àjíǹde máa ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé òyìnbó tó ń kọ́ni ní ọ̀ṣọ́ tábìlì fi kún fún òdòdó tí a kò rí rí àti ehoro tó ń gbé ẹyin kiri. Ní Ẹdúnàbọ̀n, ìlú wa, àkọ́rọ̀ òjò ni tiwa. Ọyẹ́ ti lọ, oòrùn ti jó koríko etí títì gbẹ háúháú, òjò kan tàbí méjì á sì ti rọ̀, òórùn ilẹ̀ á máa ta sánsán bí ìkòkò tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sí. Àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á wálé, ilé tí èèyàn mẹ́ta ń gbé á di ilé èèyàn mẹ́tàdínlógún. Tábìlì ilé kò ní gbà wọ́n. A ó yá ti ará ilé kejì, a ó so méjì pọ̀, gíga wọn kò sì ní dọ́gba. Tábìlì yẹn ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí yìí, kì í ṣe ti inú ìwé òyìnbó.

Òfin kan ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú ìtìjú ni mo sì ti kọ́ ọ. Lọ́dún kan, mo gé òdòdó ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ àlùkò tó bo ògiri ilé wa, mo tò ó sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e sáàárín tábìlì. Ó ga, ó fẹ̀, ó wù mí. Ìyá wa àgbà jókòó, wọ́n na ọrùn sọ́tùn-ún, wọ́n nà án sósì, wọn kò rí àwọn ọmọ ọmọ wọn tó wà lódìkejì. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí ẹnì kan bá àwọn gbé igbó náà sílẹ̀. Kí àdúrà oúnjẹ sì tó parí, èèrà tó ti inú òdòdó jáde ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí aṣọ funfun, wọ́n dorí kọ kúlà ìrẹsì.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ló ni tábìlì. Ohun tí mo bá gbé sáàárín kò gbọdọ̀ ga ju ife omi lọ, kò gbọdọ̀ gba ibi tí àwo ọbẹ̀ yóò jókòó, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan gbé kúrò nígbà tí iyán bá ń bọ̀. Ohun tó bá ga, ẹ̀bá ògiri ni àyè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà

Ọdún Àjíǹde kì í dúró sójú kan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọ, ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni. Nítorí náà, kò lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ní 2024, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni. Ní 2025, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní 2026, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Ní 2027, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀ṣọ́ wa gan-an. Bí ọdún bá bọ́ sí oṣù Kẹta, agbálùmọ̀ ṣì wà lọ́jà ṣùgbọ́n ewé ẹ̀yìnkùlé lè gbẹ. Bó bá bọ́ sí ìparí oṣù Kẹrin, mángòrò ti ń pọ́n, gbogbo nǹkan ti tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìjì òjò ìrọ̀lẹ́ lè kó aṣọ tábìlì yín lọ bí ẹ bá tẹ́ ẹ síta.

Àgbàdo inú èèpo ẹyin

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo ń ṣe, òun ni mo sì máa dúró lé lórí díẹ̀. Ó gba ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, bí ẹ bá ń fọ́ ẹyin láti dín, ẹ má ṣe là á láàárín. Ẹ fi ṣíbí kan orí rẹ̀ tó mú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ bó o díẹ̀díẹ̀ títí ihò náà yóò fi gba àtàǹpàkò, kí ẹ wá da ẹyin jáde. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ èèpo náà nínú lóde, kí ó má baà rùn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan sí ìdí rẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà jò. Méjìlá tó, ẹ ṣe mẹ́rìndínlógún, torí àwọn ọmọdé á fọ́ díẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ rẹ hóró àgbàdo bí ogójì sínú omi mọ́jú. Àgbàdo gbígbẹ tí a fi ń ṣe ògì ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pupa kùn fún oko. Oògùn kòkòrò nìyẹn, kò yẹ kó dé ìtòsí oúnjẹ. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ẹ bu ilẹ̀dú láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ rọ ọ́ kún èèpo ẹyin títí yóò fi ku díẹ̀ kó kún, ẹ ri hóró méjì méjì bọ inú rẹ̀, kí ó wọlẹ̀ tó oríkèé ìka kan. Ẹ to gbogbo rẹ̀ padà sínú kíréètì tí ẹyin bá wá, ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Ṣíbí omi kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìta lẹ gbé e sí, ẹ fi agbọ̀n bò ó. Adìẹ ilé kò mọ̀ pé ọdún ló ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ ó rí i tí ilẹ̀ sán, tí ohun kan tó mú bí abẹ́rẹ́, aláwọ̀ ewé àìpọ́n, yọ orí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti rí fúnra wọn. Ẹ má pè wọ́n. Bó bá fi máa di ọjọ́ Àjíǹde, yóò ti ga tó ìka, ewé rẹ̀ méjì á ti là. Ẹ tẹ́ iyanrìn tàbí ìrẹsì gbígbẹ sínú igbá pẹrẹsẹ kan, ẹ to èèpo ẹyin méje sí i, ó parí. Ẹni tó bá mọ Ìyìn Rere Jòhánù orí 12 kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Aṣọ àti ewé

Ìgàn àdìrẹ kan tó ti di ògbólógbòó sàn fún tábìlì ju aṣọ tuntun lọ. Tuntun a máa ṣí. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra ojú rẹ̀. Bí ó bá fi búlúù síbẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ lórí aṣọ funfun, ẹ má sì jẹ́ kí omi dà sí i. Gèlè aṣọ òkè tí a kì í wé mọ́ náà dára láti nà já àárín tábìlì, pàápàá níbi tí tábìlì méjì ti pàdé tí gíga wọn kò dọ́gba: ó nípọn, ó ń bo àléébù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń na ọ̀rá lé gbogbo rẹ̀ lórí nítorí epo. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ojú mi kì í gbà á. Epo tó bá ta sí àdìrẹ, ọṣẹ dúdú á bá a jà.

Lábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan, ewé eéran, èyí tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí mọ́ínmọ́ín bá wà nínú oúnjẹ ọdún, ẹ kàn ra ìdì kan kún un. Ẹ ṣa àwọn tó fẹ̀ jù sọ́tọ̀, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n tojú tẹ̀yìn, ẹ gé ọ̀pá wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n ra iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí a ń ra ewé ẹ̀kọ. Ẹ máa wò ó dáadáa: àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú yín, láti èyí tó ràn díẹ̀ sí èyí tó dúdú tó ń dán, ewé tó ń ké pàràpàrà tẹ́lẹ̀ á sì rọ̀ bí awọ. Níbẹ̀ ni kí ẹ dá a dúró. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ó ti jóná. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣeé lò báyìí, bí ẹ bá ti yọ eegun àárín rẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ gbé dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ á ti gbẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, yóò tún gba híhun. Ẹ hun ún yípo bí òrùka tó gba ìka méjì, ẹ ki aṣọ ìnuwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ ọ́n ṣe ju àgbà lọ. Ọ̀rọ̀ wà lórí màrìwò, ìyẹn ọ̀dọ́ imọ̀ tí kò tíì là, torí ẹnu ọ̀nà ojúbọ Ògún la mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn bàbá ìjọ kan sì lè fajú ro bí wọ́n bá rí i lórí tábìlì. Ọ̀pẹ kan náà ni, àmọ́ èmi kì í dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Imọ̀ tó ti gbó ni mo ń lò. Ewé akòko sì rèé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń jẹ oyè.

Ìkòkò àti òdòdó

Ìpetumodù wà nítòsí wa, iṣẹ́ amọ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ sì fi gbajúmọ̀. Ìṣaasùn kéékèèké mẹ́ta ti tó. Ẹ rántí pé ìkòkò amọ̀ a máa làágùn: bí ẹ bá pọn omi sí i fún òdòdó, omi á rọra gba ara rẹ̀ jáde, aṣọ á sì rẹ. Agolo mílíìkì kan nínú ìṣaasùn kọ̀ọ̀kan ló ń gbà wá. Inú agolo ni omi wà, ojú ìṣaasùn ni àlejò ń rí.

Haibísíkọ́ọ̀sì, òdòdó tí gbogbo wa tú palẹ̀ ní kíláàsì bàọ́lọ́jì, ọjọ́ kan péré ló ń lò, yálà ó wà nínú omi tàbí kò sí. Nítorí náà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti bá a wá omi. Ẹ já a láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ kàn fi lé orí ewé, tútù ni yóò ṣe títí ẹ ó fi jẹun tán. Òdòdó pupa orí igi tí èso rẹ̀ máa ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bó bá gbẹ náà lẹ́wà, bí ọdún bá pẹ́ tó láti bá a. Ẹ gbọn òdòdó gbogbo dáadáa, ẹ rì í sómi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un gbọ̀n. Èèrà ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Igi tó bá sì ń ṣe oje funfun bí wàrà nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ má gbé e wá síbi oúnjẹ rárá; púpọ̀ nínú wọn ní májèlé, òmíràn á sì máa yún èèyàn.

Ní ẹ̀bá ògiri, ọ̀pá pèrègún mẹ́ta nínú orù omi. Ó máa ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìrẹ̀, àní ó lè ta gbòǹgbò nínú omi náà. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ní ewé òrìṣà ni, ẹ sọ fún un pé pèrègún náà ni wọ́n fi pààlà oko bàbá rẹ̀.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ̀ṣọ́ tó pọ̀ jù, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí nìyẹn. Ẹ̀fọ́ rírò nínú àwo funfun, ọbẹ̀ ata nínú ìṣaasùn dúdú, agbálùmọ̀ tí a nù títí ó fi ń dán tí a sì kó kún igbá: kí ni òdòdó tún fẹ́ ṣe lẹ́yìn èyí? Láàárín àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó, fréjọ̀n ni oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí ó fi kúnná; nínú abọ́ funfun, kò nílò ọ̀ṣọ́ kankan mọ́. Kajú nìkan ni kí ẹ yọ kúrò. Àsìkò rẹ̀ ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ tó bá kán sí aṣọ, ó ti kán nìyẹn.

Àwo ìfọwọ́ náà kò gbọdọ̀ wà bí àlejò tí kò múra. Ẹ ré òroǹbó wẹ́wẹ́ sínú omi rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ já ewé efinrin mẹ́rin lé e. Ó dára lójú, ó ń gé epo lọ́wọ́, ó sì ń mú òórùn ẹja kúrò.

Ẹyin aláwọ̀

Kíkun ẹyin kì í ṣe àṣà wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti Èkó dé á ti rí i lórí fóònù, wọ́n á sì fẹ́ ṣe é. Kò léèwọ̀. Pupa ni àwọn ará Gíríìsì ń kun tiwọn. Ní Ukraine, àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi ń ya àwòrán sára ẹyin kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí àbẹ́là bá dé, aró kò ní ràn án. Ìyá aláró yòówù tó bá gbọ́ èyí á rẹ́rìn-ín, torí bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹ̀kọ láfún ni tiwa, ìyẹ́ adìẹ la fi ń yà á, aṣọ ló sì dípò ẹyin.

Ẹ bẹ ìyá alálùbọ́sà lọ́jà kó kó èèpo gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ àpò fún yín. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin sínú omi tó máa bo ẹyin mẹ́fà, kí ó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún òroǹbó wẹ́wẹ́ kan sí i. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ló dára jù, torí èèpo rẹ̀ funfun díẹ̀. Ẹyin adìẹ àgrìkì ti pupa tẹ́lẹ̀, aró kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ẹ fi ewé efinrin kékeré lẹ ara ẹyin tútù, ẹ fi àkísà ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti àwọn obìnrin dì í mọ́ ọn kó le, ẹ so ó. Ẹ sè é nínú aró náà fún ìṣẹ́jú méjìlá, ẹ jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ẹyin á ti pọ́n bí amọ̀ sísun, àwòrán ewé náà á wà lára rẹ̀ ní funfun, títí dé iṣan rẹ̀ tó tín-ín-rín. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á kó lè dán.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ti àbẹ́là, ẹ jẹ́ kí aró tutù pátápátá kí ẹ tó ri ẹyin sísè bọ̀ ọ́. Aró gbígbóná á yọ́ àbẹ́là dànù, iṣẹ́ ọmọ á sì já sí asán. Ẹyin tó bá ti wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa yìí, ẹ má jẹ ẹ́.

Orúkọ lórí àga

Àwọn òyìnbó máa ń kọ orúkọ sórí káàdì kí kálukú lè mọ àyè rẹ̀. Nílé tiwa, ọjọ́ orí ti pín àga. Ta ni yóò sì kọ orúkọ Bàbá sórí ìwé gátagàta? Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jókòó ti ìyá wa àgbà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn á máa pe oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, èmi á máa kọ ọ́: Àjọkẹ́, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àyìnlá. Mo máa ń ki ìwé kéékèèké náà sí ẹnu ọ̀pá ìgbálẹ̀ tí mo là díẹ̀ lórí, mo sì ń gún ọ̀pá náà bọ inú odindi agbálùmọ̀ tó wà níwájú àga. Ti àwọn àgbà, ohun tí gbogbo ilé ń pè wọ́n ni mo ń kọ: Bàbá Àgbà, Ìyá Ìbàdàn, Bọ̀ọ̀dá Olùkọ́. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan nínú wa kò mọ̀ pé Àlàmú lòun títí ó fi jókòó sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Ní ti àbẹ́là tí a ń tàn sórí tábìlì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú iyanrìn nínú abọ́ amọ̀ ni kí ẹ gún un sí, kí ó jìnnà sí imọ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì pa fáànù. Bí iná mànàmáná bá wà, mo máa ń fi í sílẹ̀ láìtàn.

Ní ọjọ́ Ajé, tí àwọn ọmọ ìjọ bá ń lọ sí Gálílì, ìyẹn ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, pẹ̀lú kúlà àti ẹní, ẹ palẹ̀ mọ́. Ewé eéran àti imọ̀ di ti ewúrẹ́. Igbá àti ìṣaasùn padà sórí àjà. Àgbàdo nìkan ló kù. Ẹ fún èèpo ẹyin rẹ̀ díẹ̀ kó sán, kí gbòǹgbò lè rí ọ̀nà jáde, ẹ gbìn ín tòun tèèpo sẹ́yìnkùlé bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn, kí ẹ sì so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú méjìlá tí mo gbìn lọ́dún tó kọjá, mẹ́sàn-án yè. A sè é jẹ nínú oṣù Keje.